Èsì: "Àtẹ̀wo" ni àbí "àtẹ̀wò"? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka lẹ́tà yín láì dá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó wọlé láàárọ̀ yìí kò ṣeé pa mọ́ra.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: bùrọ̀dá wa tó ń gbé ní Manchester ló kọ̀wé pé òun ti ní ẹ̀dà mẹ́sàn-án nínú àwo orin Fear of Music, èyí tí Talking Heads, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1979. Òun fẹ́ máa fi Yorùbá kọ nípa wọn, ṣùgbọ́n òun ò rí ohun tí òun yóò pe "pressing", ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tẹ àwo kan jáde. Ló bá ṣẹ̀dá "àtẹ̀wo": à, tẹ̀, àwo. Àtẹ̀wo kìíní, àtẹ̀wo kejì, àtẹ̀wo ti Japan. Èèyàn mẹ́fà ti kan sáárá sí i. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà láti Ìjẹ̀bú-Òde ní òun fọwọ́ sí i, pé kí a lọ máa lò ó.

Èmi ò fọwọ́ sí i o.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpàrójẹ níwájú, bí ìró kan ṣe ń sá lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá so pọ̀. Bí a bá jẹ ayé, a jayé. Bí a bá jẹ àmàlà, a jàmàlà. Fáwẹ̀lì "ẹ" ló ń lọ, "a" ló ń dúró. Ta ló wá yọ̀ǹda kí "tẹ̀" àti "àwo" di "tẹ̀wo"? Bí a bá tẹ̀lé bí ẹnu wa ṣe ń ṣe é, "tàwo" ni yóò dà, ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ á sì di "ìtàwo" tàbí "àtàwo". Ẹ lọ sọ ìyẹn létí ìyá tó ń ta abọ́ àti àwo ní Ọjà Ọba, kí ẹ wo iṣẹ́ tí yóò rò pé ẹ ń ṣe. Bùrọ̀dá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé ìtàjà ló máa jáde níbẹ̀, ló fi tì í sí "tẹ̀wo". Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé rẹ̀ pẹ̀lú sísá fún òfin.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú ti dáhùn èyí kí n tó kọ ọ́. Wọ́n ní "tẹ̀wé" ńkọ́, ṣé "ẹ" kò dúró níbẹ̀ ni? Ó dúró, sà. Ṣùgbọ́n ìwé ló tẹ̀lé e, ì tó wà níwájú ìwé kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Kọ̀wé, kàwé, tẹ̀wé, gbogbo wọn ni ì ti sá lọ. Àwo kò ní ì lórí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọgbọ̀n ọdún ni ẹ ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, mi ò sì ní dìde títí ẹ ó fi ní kí n dìde. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún náà kò lè sọ a di ì.

Ibi tó dùn mí jù ni wo tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ yẹn. Arákùnrin kan kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú lẹ́tà kan ṣoṣo: àtẹ̀wo, àtẹ̀wò, lẹ́ẹ̀kẹta, kò fi àmì kankan sí i, ó kù díẹ̀ kí n kà á sí àtẹ́wọ́. Ó ní kò ṣe nǹkan, pé a ṣáà mọ ohun tí òun ń sọ. Ó ṣe nǹkan! Ẹ ka àwọn ẹbí wò: àyẹ̀wò, àbẹ̀wò, àdánwò, ìtọ́wò, àgbéyẹ̀wò. Wò ni gbogbo wọn, ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni, kì í ṣe àwo. A tọ́ ọbẹ̀ wò kí a tó bù ú fún àlejò. A wọ bàtà wò kí a tó sanwó. Yorùbá tó bá gbọ́ "àtẹ̀wò", ohun tí yóò yé e lójú ẹsẹ̀ ni ohun tí a tẹ̀ láti fi wò ó, bóyá ó dára, bóyá kò dára.

Ohun bẹ́ẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ àwo! Ó yà mí lẹ́nu pé bùrọ̀dá, tó mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ, kò rí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo rèé. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́ ipa orin sára àwo kan tí wọ́n fi láákà bò. Wọ́n á fọ́n fàdákà sí i, wọ́n á rì í sínú omi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, títí níkẹ́ẹ̀lì yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ṣí níkẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò, ohun tó jẹ́ kòtò ti di òkè lára rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pe ìyẹn ní bàbá. Lára bàbá ni wọ́n ti ń mú ìyá, lára ìyá ni wọ́n ti ń mú irin tí yóò tẹ ike gbígbóná pẹlẹbẹ di àwo. Kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún ọjà, wọ́n á tẹ ìwọ̀nba díẹ̀, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ funfun báláú, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí olórin àti ilé iṣẹ́ tó ni orin pé kí wọ́n fi etí sí i, bóyá ó ń ha, bóyá abẹ́rẹ́ ń fò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò ni. Àtẹ̀wò nìyẹn, kò sí ohun mìíràn tí à bá pè é! Àwo tó ṣọ̀wọ́n gan-an, tí àwọn tó ń kó àwo jọ ń ná owó gọbọi lé lórí, òun ló ni orúkọ tí bùrọ̀dá fẹ́ fi pe gbogbo àwo ayé.

Irin tí mo wí yẹn náà, ẹnìkan ti ń wá orúkọ fún un láti ìjẹta, ó ń sọ pé "ẹ̀rọ-atẹwo". Òǹtẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Òǹtẹ̀ tí a ń fi lu ìwé ní ọ́fíìsì. Òǹtẹ̀ a máa jẹ bí táyà ṣe ń jẹ. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n á gbé òmíràn sí i. Ìdí rèé tí ẹni tó ń kó àwo jọ fi ń tẹ orí ba, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo etí lébẹ́ẹ̀lì níbi tí orin ti parí, kó lè ka nọ́ńbà àti àmì tí wọ́n fín síbẹ̀. Ó ń wá òǹtẹ̀ tó bí àwo ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tí à ń wá kò sọnù. Ìtẹ̀ ni. A ní ìtẹ̀bọmi, a ní ìtẹ̀síwájú, a ní ìtẹ̀jáde. Ìtẹ̀ kìíní, ìtẹ̀ kejì, ìtẹ̀ ti Japan. Èyí tí wọ́n padà wá tún tẹ̀ ń jẹ́ àtúntẹ̀, ó sì ti wà lójú ewé kejì àwọn ìwé tí a fi kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní ìtẹ̀ yóò dàpọ̀ mọ́ ìtẹ́ ọba àti ìtẹ́ ẹyẹ. Yóò dàpọ̀ lóòótọ́ fún ẹni tí kì í fàmì sí ọ̀rọ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ sì ti pàdánù ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ tipẹ́.

Mi ò sì rí ìdí tí a ó fi máa lo à- níbi tí ì- ti yẹ. Ìkójọ ni iṣẹ́ tí bùrọ̀dá ń ṣe, àkójọ ni ohun tó kún yàrá rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tẹ àwo la fẹ́ mọ̀, ìtẹ̀ ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, bàámi ní àpótí onígi kan tí ọmọdé kankan kò gbọ́dọ̀ ṣí. Haruna Ishola àti I.K. Dairo ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969 kí iṣẹ́ wọn lè wà lọ́wọ́ wọn. Àwo kan wà tí bàámi ní méjì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi méjì ṣe. Wọ́n ní, "Èyí ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Wọ́n tún ìyẹn tẹ̀ ni. Tẹ́tí sí ìlù." Wọ́n fi ojú kìíní àwo àkọ́kọ́ sí i, wọ́n fi ti èkejì sí i. Lóòótọ́, ìlù inú èkejì dún bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Bàámi kò ka ìwé gírámà rí. Wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, wọ́n tún tẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtẹ̀ àti àtúntẹ̀ ti jáde, látẹnu ẹni tó ní àwo lọ́wọ́. Báyìí tí bàámi ti lọ, àwo méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi ní London, n kò sì ní ẹ̀rọ tó yẹ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò mi pẹ̀lú. Lọ́dún tó kọjá mo ra Fear of Music lọ́wọ́ ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìtẹ̀ kìíní ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ̀yin tó mọ àwo náà mọ̀ pé ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Jerry Harrison, ọ̀kan nínú àwọn Talking Heads, ló ṣe páálí rẹ̀: dúdú kirikiri, ó sì yọ kókó kókó bí irin tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, tó fi jẹ́ pé afọ́jú lè fi ìka kà á. Èyí tó dé bá mi ń dán bọ̀rọ́. Àtúntẹ̀ ni. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní nǹkan kan náà ni méjèèjì, orin kan náà ló wà níbẹ̀. N kò rí owó mi gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìtẹ̀ àti àtúntẹ̀, tàbí láàárín wo àti wò, kó má sọ ọ́ lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú fi òwe lù mí lánàá, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo gbà, sà. Ṣùgbọ́n àkísà tí mo ní, bàámi ló fún mi.

Ẹnìkan tún kọ̀wé pé orin àkọ́kọ́ inú àwo náà, I Zimbra, èdè Áfíríkà ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ti ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó ń wá gbòǹgbò Yorùbá fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Hugo Ball, ará Jámánì, ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ewì rẹ̀ tó ń jẹ́ Gadji beri bimba, ti 1916, ni wọ́n mú lò. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kó ìró jọ tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan ni. Àwa ò ní z, a ò ní i láéláé. Ohun tó jọ tiwa níbẹ̀ ni ìlù àti bí gìtá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn ò sì yani lẹ́nu, nítorí Brian Eno, tó bá wọn ṣe àwo náà, fẹ́ràn Fẹlá gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé òun gbé àwo Fẹlá lé wọn lọ́wọ́. Ẹ lè torí ìyẹn yangàn. Ẹ má torí ìyẹn tẹ Hugo Ball ní Ifá.

Àǹtí wa tó wà ní Houston, ọ̀rọ̀ "ìgbì tuntun" tí ẹ dá fún irú orin yìí, tí Òyìnbó ń pè ní new wave, mo ti rí i. Mo ti rí èsì ọmọ Ẹ̀gbá náà pé ti òkun ni ìgbì, pé orin kì í rú. Orin a máa rú, ma. Ṣùgbọ́n ìgbì a máa padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó bá ti kọ lu èbúté, n kò sì tíì mọ̀ bóyá ẹ ti ro ìyẹn mọ́ ọn. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì.

Bùrọ̀dá Manchester, nínú ẹ̀dà mẹ́sàn-án yẹn, ṣé ọ̀kan wà tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ funfun báláú? Tó bá wà, ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fín sí etí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn nìkan ni n ó gbà kí ẹ pè ní àtẹ̀wò.