Ikú àpọ̀jù àbí ikú tó lé? Ìdáhùn láti Iléṣà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlera sí Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀ béèrè lánàá pé kí la ó máa pe iye àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó kú ní ọdún àjàkálẹ̀ àrùn tàbí ọdún ogun, tó kọjá iye tó máa ń kú tẹ́lẹ̀. Àwọn fúnra wọn dábàá "ikú àpọ̀jù". Ẹnì kan ní "ikú ọ̀fọ̀", ẹlòmíràn ní "ikú èènì". Ti èènì yìí, mo gbàdúrà pé ẹ̀fẹ̀ ni. Èènì ni ìyá onígàrí ń bù sórí kóńgò kí oníbàárà lè padà wá. Ta ló fẹ́ kí ikú padà wá?

Ọ̀fọ̀ dáa létí, ó sì ń dunni. Bí ọ̀dọ́ bá kú, a ní ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ọlọ́kadà tí ọkọ̀ pa lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ní ọdún tí nǹkan kan ò ṣe, ọ̀fọ̀ ni òun náà. Ó ti wà nínú iye tó máa ń kú lọ́dọọdún. Ọ̀fọ̀ ń sọ bí ikú ṣe rí lára ẹbí, ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń wá ni ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ibi tí ikú náà bọ́ sí nínú ìṣirò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní bínú, "àpọ̀jù" ò bá mi lára mu. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, torí pé iyọ̀ díẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀. Bí a bá ní ikú pọ̀ jù, ṣé iye kan wà tó mọ níwọ̀n? Oníṣirò ò bá wa dá irú ẹjọ́ yẹn. Ó ka òkú ọdún yìí, ó yọ iye tẹ́lẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣẹ́ kù.

"Ikú tó lé" ni tèmi. Bí a ṣe ń ka nǹkan nìyẹn: mọ́kànlélógún, méjìlélọ́gbọ̀n. A dé ogún, a fi ọ̀kan lé e. Inú "lé" yìí náà ni èlé orí gbèsè ti jáde, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìyẹn. Àwọn bàbá wa òṣómàáló ta aṣọ láwìn kiri, wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni n ó máa ló títí n ó fi gbowó mi. Wọ́n mọ ojú owó yàtọ̀ sí èlé. Mo tilẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ dábàá "èlé ikú", ìyàwó mi ní ó dún bí ẹni pé a lọ yáwó lọ́wọ́ ikú. Mo fi sílẹ̀.

Àbúrò wa kan ti rí àléébù "ikú tó lé", òótọ́ ló sì sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ikú tó lé ní gbogbo ayé ní 2020 àti 2021 sí bíi mílíọ̀nù 14.9, ọkùnrin sì jẹ́ bíi 57 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Bí mo bá kọ ọ́ pé "ikú tó lé ní mílíọ̀nù 14.9", ohun tí gbogbo ènìyàn máa gbọ́ ni pé ó ju mílíọ̀nù 14.9 lọ. Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká so ó pọ̀, "ikú-tó-lé", ká má sì jẹ́ kí "ní" tẹ̀lé e: ikú-tó-lé jẹ́ mílíọ̀nù 14.9.

Ohun tó dùn mí jù nínú tábìlì Ẹ̀gbọ́n ni "ikú tí a ń retí", tí wọ́n fi pe iye tó máa ń kú tẹ́lẹ̀. Lédè Yorùbá, ta ló ń retí ikú géńdé bí kò ṣe ọ̀tá rẹ̀? Ẹ ka gbólóhùn yẹn sókè lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà kí ẹ rí i bí àwọn ìyá yóò ṣe máa ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". "Iye àtẹ̀yìnwá" ni kí a kọ. Ibi tó ti wá gan-an nìyẹn: nígbà Kòrónà, àwọn oníṣirò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ikú ọdún 2020 wé àpapọ̀ ọdún 2015 sí 2019 tí wọ́n pín sí márùn-ún.

Iye lásán ò tó ṣá. Bí géńdé bá rọ́ wá síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Ìtagúnmòdì, òkú géńdé lè pọ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ewu kankan pọ̀ sí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kà á nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, èyí tí àwọn baba wa tó ń ka owó ẹyọ yóò pè ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀kẹ́ padà. Ká ní nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún géńdé, 200 ló ń kú lọ́dún tẹ́lẹ̀, ọdún burúkú wá dé, 320 kú. Nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún arúgbó, 5,000 ló ń kú tẹ́lẹ̀, 5,500 wá kú. Ta ni ọdún náà bá jà jù? Bí a bá ka orí, 500 lé lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, 120 péré lọ́dọ̀ géńdé. Bí a bá fi wé iye àtẹ̀yìnwá, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló lé lọ́dọ̀ géńdé, 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ arúgbó. Ọ̀rọ̀ méjì la nílò: "iye tó lé" àti "ìdá tó lé". Ẹni tó bá lo ọ̀kan fún méjèèjì, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Mo ń kọ "géńdé" torí pé "ọ̀dọ́" ti bàjẹ́. Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò mi ti ní ọmọ-ọmọ. Kí a sáà kọ ọjọ́ orí tì í, 20 sí 39. Ẹni tó bá ní kò yẹ ká ya géńdé sọ́tọ̀, kó rántí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn 1918 tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó: àwọn tí ọ̀fìnkìn kì í sábà pa, ọmọ ogún sí ogójì ọdún, ló pa lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

"Lé" tún ní ìkejì tí "àpọ̀jù" ò ní. Ogún dín ọ̀kan ni mọ́kàndínlógún. Ní New Zealand lọ́dún 2020, àwọn tó kú ò tó iye àtẹ̀yìnwá. Èmi á kọ ọ́ pé ikú dín. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀ nínú tábìlì "ikú àpọ̀jù" yín?