Ìbúgbàù kọ́, ìdàpọ̀ kọ́: lórí orúkọ tí a fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ nípa kóró átọ́ọ̀mù àti ìràwọ̀

Mo ti ka ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ifẹ̀ ṣe fún àwọn ọmọ SS3, èyí tó ń ti ọwọ́ olùkọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn ní Iléṣà níbí láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mi ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣeé gbé mì. Kóró ni àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù. Nígbà tí kóró yùréníọ́ọ̀mù bá pín sí méjì, wọ́n pè é ní ìbúgbàù átọ́ọ̀mù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oòrùn, níbi tí àwọn kóró háídrójìn ti ń di kóró hílíọ́ọ̀mù, wọ́n pè é ní ìdàpọ̀. Wọ́n tún ní oòrùn ń jó háídrójìn. Àwọn kan láàárín àwa olùkọ́ ti ní kí a gbà á bẹ́ẹ̀, pé orúkọ lásán ni. Èmi ò gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò rí kóró átọ́ọ̀mù rí, kò sì ní fi ojú ara rẹ̀ rí i láéláé. Orúkọ tí a bá pè é létí rẹ̀ ni ojú tí yóò fi wò ó títí dọjọ́ alẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú bú gbàù. Gbàù yẹn, ìró òjijì ni. Táyà ń bú gbàù, gáàsì ìdáná ń bú gbàù, bọ́ǹbù ń bú gbàù. Rìàkítọ̀ kékeré kan, ẹ̀rọ tí kóró átọ́ọ̀mù ti ń pín sí méjì létòlétò, wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30 kìlówáàtì. Àìmọye kóró yùréníọ́ọ̀mù ló ń pín sí méjì nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́ gbàù. Tó bá jẹ́ pé ìbúgbàù ni orúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí la fẹ́ wí fún ọmọ tó bá béèrè pé báwo ni Zaria ṣe wá ṣì wà níbi tó wà? Ohun tí bọ́ǹbù ń ṣe ni ẹ̀gbọ́n wa sọ lórúkọ. Wọn ò tíì sọ ohun tí kóró ń ṣe.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i pàápàá kò pè é bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1938, ní Berlin, Otto Hahn àti Fritz Strassmann ju níútúrọ́ọ̀nù, ọ̀kan lára àwọn ègé kéékèèké inú kóró, lu yùréníọ́ọ̀mù, wọ́n wá bá báríọ́ọ̀mù nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹnu yà wọ́n, nítorí báríọ́ọ̀mù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì yùréníọ́ọ̀mù lọ ní ìwọ̀n. Lise Meitner, tó ti sá kúrò ní Jámánì nítorí ìjọba Hitler, àti Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n tú u palẹ̀ pé kóró náà ló pín sí méjì. Nígbà tí Frisch ń wá orúkọ fún un, ọ̀dọ̀ onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí kan ló lọ, ó ní kí lẹ máa ń pè é tí sẹ́ẹ̀lì kan bá di méjì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà, "fission", ló wọ inú ìwé ní 1939, òun ni gbogbo ayé ń lò títí dòní. Lára ohun tó wà láàyè ni wọ́n ti mú orúkọ. Wọn ò lọ mú un lẹ́nu ìbọn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wo wá ni? Fọ́ kò bá a mu. Àwo ló ń fọ́, èéfọ́ rẹ̀ kò sì lóǹkà. Pín ń wá ẹni tí yóò pín in: a pín ogún, a pín ẹran iléyá, kóró átọ́ọ̀mù kò sì ní olórí ẹbí. Pínyà, tọkọtaya ni tiwọn. Là ló kù. Igi là, ilẹ̀ là, a ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló là á, síbẹ̀ a tún lè mú àáké ká la igi. Ọ̀nà méjèèjì ló wà nínú fíṣíìsì: níútúrọ́ọ̀nù a máa la kóró, àwọn kóró wúwo kan sì wà tí wọ́n ń là fúnra wọn láìsí ohun tó kàn wọ́n.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀. Wọ́n á ní ì- àti là, ìlà ni yóò bí, ìlà sì ti ní iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́rùn: ìlà ojú, ìlà inú ìwé, ìlà oòrùn. Òótọ́ ni. Tí wọ́n bá tún wá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, bí wọ́n ṣe kọ ìwé pélébé yẹn láti ojú ewé kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn, ilá ọbẹ̀ ni ọmọ máa kà. (Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yìí dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn àgbà olùkọ́ tí mo bá nídìí iṣẹ́ yìí, tí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ wọn ti tán ku bí èékánná, wọn ò ní kúrò nídìí bọ́ọ̀dù láìfi àmì sórí gbólóhùn tí wọ́n kọ. Àwa tí a ní kọ̀ǹpútà la ń sọ pé kò sáyè.)

Nítorí ìlà yìí ni mi ò fi fẹ́ kí là dá dúró. Ẹ wo obì gbànja. Bó bá là, awẹ́ méjì ni, ọ̀kan sì lè tóbi ju èkejì lọ. Kóró yùréníọ́ọ̀mù 235 (iye ègé inú kóró ni nọ́ńbà yẹn) gba níútúrọ́ọ̀nù kan sínú, ó di 236, kò sì lè dúró mọ́. Ó lè là sí báríọ́ọ̀mù 141 àti kírípítọ́ọ̀nù 92, kí níútúrọ́ọ̀nù mẹ́ta fò jáde. Ẹ ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ ro ó: 141, 92 àti 3, 236 ló máa bá. Àwọn mẹ́ta tó fò jáde yẹn ló ń lọ la kóró mìíràn. Là sí awẹ́, ìlàsáwẹ́. Ìlàsáwẹ́ kóró átọ́ọ̀mù. Kò dí ahọ́n lọ́wọ́, ọmọ sì ti mọ̀ láti inú orúkọ pé ohun ńlá méjì ni yóò bá, kì í ṣe ẹrùpẹ̀.

Ìdàpọ̀ ló bí mi nínú jù. Láti SS1 la ti ń pe iyọ̀ àti iyanrìn tí a dà sínú bíkà kan ní àdàpọ̀. A bu omi sí i, a sẹ́ ẹ, iyọ̀ bá omi lọ, iyanrìn jókòó. Ohun tó dàpọ̀ ṣeé tú ká, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í dín. Nínú oòrùn ńkọ́? Bí kílò kan háídrójìn bá di hílíọ́ọ̀mù, nǹkan bí 993 gíráàmù ni yóò kù. Gíráàmù méje ti di ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà! Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù háídrójìn ni oòrùn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ sì ń di agbára tó ń tú jáde, òun ló ń gbẹ aṣọ wa lórí okùn. Orúkọ tó bá ní pọ̀ nídìí bo gíráàmù méje yẹn mọ́lẹ̀. Pọ̀ kàn ń sọ pé wọ́n jọ wà ni. Kò sọ pé wọ́n ti yí padà. Di ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á tún ní dà tó wà nínú ìdàpọ̀ náà ní ìtumọ̀ yẹn, pé ṣebí a ń sọ pé ọmọ dàgbà. Rárá o. Dàgbà, di àgbà ni. Dolówó, di olówó ni. Di ló wà níbẹ̀, fáwẹ́lì rẹ̀ la pa jẹ. Dà inú ìdàpọ̀, ti ẹni tó da omi ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ìsọdọ̀kan ni mo fara mọ́: sọ di ọ̀kan. Ẹnì kan ti ní ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú. Ìṣọ̀kan ni tàwọn olóṣèlú, kò sì sí di nínú rẹ̀.

Ti jó kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi gbọ́ ọ, ó ní, "Sà, tí oòrùn bá ń jó, níbo ló ti ń rí afẹ́fẹ́?" Ó ti fi ife bo àbẹ́là rí ní yàrá sáyẹ́ǹsì, ó rí i bí iná yẹn ṣe kú. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ìwé ni kò tọ́. Àárín oòrùn gbóná tó nǹkan bí 15 mílíọ̀nù dígírì, ìsọdọ̀kan ló sì ń mú un gbóná bẹ́ẹ̀, kò gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oòrùn ń ràn, ẹ jẹ́ kó máa ràn.

Níbi tí wọ́n ti ṣe dáadáa, ó yẹ kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn bílíọ̀nù ọdún mélòó kan sí i, oòrùn wa yóò wú di òmìrán pupa, yóò bọ́ awọ òde rẹ̀ dànù, àárín rẹ̀ tó kù kò sì ní ju ayé wa yìí lọ ní títóbi. Aràrá funfun ni ẹ̀gbọ́n wa pe ìyẹn. Àwọn kan ní ó fi àbùkù kan àwọn aràrá. Ní Ifẹ̀ kẹ̀? Ẹni òòṣà ni aràrá, funfun sì ni aṣọ Ọbàtálá. Orúkọ tó níyì ni. Ẹ ṣáà fi àmì ohùn sí i, kó má di rárà, kó má di rárá. Àwọn tó ní kí a má sọ pé ìràwọ̀ kú, pé kí a sọ pé ó wàjà, mi ò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọba ló ń wàjà.

Àwọn ìràwọ̀ tó ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ àti jù bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ni mo fẹ́ kí ìwé náà fara balẹ̀ sọ. Wọ́n á sọ háídrójìn di hílíọ́ọ̀mù, hílíọ́ọ̀mù di kábọ́ọ̀nù, wọ́n á máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀ títí dórí irin. Irin ni òpin. Ìsọdọ̀kan irin kì í mú agbára wá, ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Inú ìràwọ̀ náà á wó lulẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́, òde rẹ̀ á sì tú ká. Ibí yìí ni kí ẹ gbé ìbúgbàù yín wá, yóò bá a mu rẹ́gí. Ẹ sì mú àwọn ọmọ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, kí wọ́n wo àwọn ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Irin yẹn ti wà nínú ìràwọ̀ kí ayé tó wà. Ní tiwa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà ni. Àwọn ọmọ kan ní kíláàsì mi, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń wa wúrà ní agbègbè Atákúnmọ́sà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn onímọ̀ rí ìràwọ̀ níútúrọ́ọ̀nù méjì (àárín tó ṣẹ́ kù lára ìràwọ̀ ńlá tó ti kú) tí wọ́n kọlu ara wọn lọ́nà jíjìn, wọ́n sì rí àmì pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ̀dá àwọn ohun wúwo bíi wúrà. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn kò ní sùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ẹnì kan dìde nípàdé wa, ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ni ọ̀rọ̀ dídá, kì í ṣe olùkọ́ girama. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko ní St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́, àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, mo dá tèmi. Ìlàsáwẹ́ ni mo máa kọ sí bọ́ọ̀dù ní sáà tó ń bọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́, bí ò fẹ́. Ti ìsọdọ̀kan ni mo ṣì lè gbọ́ àbá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó gbé e wá, àmọ́ kó má gbé pọ̀ wá.