Ibà Lásà lọ, etí kò ṣí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ní Àkúrẹ́ yè bọ́ lọ́wọ́ ibà Lásà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti fún un ní oògùn ibà náà, ribavirin. Ara ti le, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ di, òòyì sì ń kọ́ ọ bó bá dìde. Dókítà ní ó máa ń ṣe nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 àwọn tó yè, pé ìdajì wọn a tún gbọ́ díẹ̀ láàárín oṣù 1 sí 3. Oṣù 3 ti kọjá. A ti ṣe àyẹ̀wò etí. (Ìyá wa fẹ́ kán òróró sí i, mo kọ̀ jálẹ̀.) Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni wọ́n ní ká rà báyìí, owó gọbọi! Ṣé ká rà á ni, àbí ká ṣì ní sùúrù? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé o.