Ṣé a lè dẹ ẹja trout lódò Ìjẹ̀ṣà?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Kenya ló fi fídíò ránṣẹ́, inú odò orí òkè ló dúró sí, omi mù ún dé orúnkún, ó ń ju okùn gígùn kan síwá sẹ́yìn bí ẹni ń na pàṣán, bó ṣe bà lé omi báyìí ni trout gbé e. Kò sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀ o! Ìyẹ́ tí wọ́n fi òwú wé mọ́ ọn bíi kòkòrò ni. Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ látàárọ̀. Ṣé trout wà ní Olúmirin l'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà?

Bàbá Ìwọ̀: Kò sí níbẹ̀, àbúrò. Omi tútù ni trout ń fẹ́, tó bá ti kọjá 20 dígírì ara ẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́. Ti Kenya gan-an, àwọn òyìnbó ló kó o débẹ̀.

Ará Ifẹ̀: Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fún epìyà. Mo wé ìyẹ́ ọrùn àkùkọ mọ́ ìwọ̀ kékeré, mo lọ sódò Ọ̀pá, mò ń rọra fà á, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lójú omi, epìyà tó tó àtẹ́lẹwọ́ gbé e. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ìyá Ìbejì Iléṣà: Ojú ni ẹja fi ń rí ìyẹ́, kì í ṣe òórùn, omi gbọ́dọ̀ mọ́. Wọ́n ti wa góòlù títí omi Ọ̀ṣun fi pọ́n bí tíì. Ó dùn mí gan-an.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ ṣé. Ọ̀pá ni mò ń lọ ní Sátidé.