Ìyá onílé mi ní kí n bá àwọn lọ wẹ̀ ní Sangam. Ṣé kí n wọ omi?

Àdùkẹ́_Varanasi: Ẹ kú ilé o. Varanasi ní Íńdíà ni mo ti ń kàwé. Ìyá onílé mi, ẹni ọdún 71, ń lọ sí Magh Mela, àjọ̀dún ìwẹ̀ odò àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ní Prayagraj, wọ́n sì ní kí n sin àwọn lọ. Ibẹ̀ ni odò Ganga àti Yamuna ti pàdé, ìpàdé odò náà ni wọ́n ń pè ní Sangam. Wọ́n gbà pé odò kẹta, Sarasvati, náà ń ṣàn níbẹ̀ tí ojú kò rí i. Ọjọ́ Mauni Amavasya, tí òṣùpá kì í yọ, ni màmá fẹ́ wẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà rárá.

Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù. Mi ò fẹ́ wọ omi bí ẹni ń ṣeré níbi tí ẹlòmíì ti ń gbàdúrà. Ṣé kí n wọ̀ ọ́, àbí kí n dúró létí odò kí n máa bá wọn di aṣọ mú?

Bàbá_Ìbejì: Àbúrò, wọ̀ ọ́, wọ́n kúkú ti pè ọ́. Èmi náà ti bá ọ̀rẹ́ mi lọ rí. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ dé ìpàdé odò: omi Ganga rú, ó pọ́n díẹ̀, ti Yamuna ṣú bí ewé. Wọ́n á ri ara wọn bọ omi, wọ́n á kọjú sí oòrùn, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì bu omi, kí ó máa ṣàn padà díẹ̀díẹ̀. Má mú ọṣẹ dání. Má ya ẹni tó ń wẹ̀ ní fọ́tò. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni àwọn tó pàgọ́ sórí iyanrìn fún oṣù kan gbáko, tí wọ́n ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, nínú òtútù yẹn!

Ṣadé_Nọ́ọ̀sì: Àdùkẹ́, ọjọ́ tí màmá mú yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù. Ní Mauni Amavasya ọdún 2025, lásìkò Kumbh, àjọ̀dún ìwẹ̀ tó tóbi ju Magh Mela lọ, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lóru. Ọlọ́pàá ní ó kéré tán ènìyàn 30 kú. Ẹ jọ̀ọ́, etí omi tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ ti wẹ̀, ẹ má bá wọn du ojúkò. Kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sínú ìwé fún màmá, torí wọn ò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ṣìnà mọ́ra. Má sì gbé omi náà mì, ìdọ̀tí ìlú púpọ̀ ló ń ṣàn wọ Ganga.

Àdùkẹ́_Varanasi: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Sista Ṣadé, ẹ ṣeun. Mo ti lọ bi màmá fúnra wọn. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, ọwọ́ mi ni àwọn fẹ́ dì mú wọnú omi. Mo kọ nọ́ńbà náà fún wọn, wọ́n sì ti so ó mọ́ etí sári wọn.