«Ara» tó wà nínú àfarawé: èsì sí «ìsínjẹ»

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín.

Alàgbà tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí a máa pe gbogbo ohun tí ẹranko tàbí ènìyàn bá wò lára ẹlòmíràn, tó sì ṣe, ní «ìsínjẹ». N kò fara mọ́ ọn rárá. Ní Abẹ́òkúta tí mo ti dàgbà, ẹni tó bá ń sín ọ jẹ, yẹ̀yẹ́ ló ń fi ọ́ ṣe.

Àfarawé ni mo fara mọ́ fún ti ènìyàn, «ara» tó wà láàárín rẹ̀ ni mo sì dì mú. Ní 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Victoria Horner àti Andrew Whiten gbé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn chimpanzee (irú ìnàkí kan) ní erékùṣù Ngamba ní Uganda, àti lórí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4. Wọ́n fi igi ṣí àpótí kan lójú wọn kí wọ́n tó mú ẹ̀bùn inú rẹ̀, wọ́n sì ti ìṣe tí kò wúlò bọ àárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lo àpótí tí a lè rí inú rẹ̀, àwọn chimpanzee fo èyí tí kò wúlò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣe gbogbo rẹ̀ pátá. Ohun tó wà nínú àpótí ni ẹranko ń wò: àríkọ́gbọ́n nìyẹn. Ọmọ ní tirẹ̀ fi ara rẹ̀ wé ẹni tó ń kọ́ ọ.

Mo mọ̀ ọ́n lára ara mi. Ní Ìtòkú, ìyá mi àgbà tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa gbá ẹnu ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mejì kó tó rẹ aṣọ. Èmi náà gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbéèrè ìdí, títí ìyá àgbà fi papòdà, n kò sì sín wọn jẹ rí.

Alàgbà kan náà kọ «ìrònú afòyemọ̀» fún ìrònú nípa ohun tí a kò lè fojú rí. Ẹni tó ń ṣe nǹkan ni «a» olóhùn àárín ń tọ́ka sí, bí apẹja. Ìrònú kọ́ ló ń fòye mọ nǹkan. Nǹkan tí a fòye mọ̀ ni à ń sọ, nítorí náà «àfòyemọ̀» ni, bí àfọwọ́kọ. Bí alàgbà náà bá ní ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ wọn ní olóhùn àárín, kí wọ́n ṣàlàyé ẹni tí «a» yẹn jẹ́ fún wa.