Báwo ni mo ṣe lè dènà yíyan dísíkì tí kò yẹ nígbà tí a bá ń fi Debian sórí kọ̀ǹpútà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń fi Debian 12 (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn fúnra wọn, ibi pípín dísíkì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Lánàá, ẹnì kan yan fláàṣì tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Òmíràn pín tirẹ̀ tán, kò fi "/" (ibi tí Debian fúnra rẹ̀ máa wà) sí ibì kankan, "No root file system is defined" ló sì ń rí lójú ẹ̀rọ. Ti ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: ó pa ìpín EFI (ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń rí ohun tó fi ń dìde) rẹ́, Windows rẹ̀ kò dìde mọ́.

Mo ti kọ fáìlì preseed (tó ń dáhùn ìbéèrè Debian sílẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀), mo fi partman-auto/disk, ìlà tó ń sọ dísíkì tí a máa lò, sí /dev/sda. Àmọ́ /dev/nvme0n1 ni dísíkì àwọn kan ń jẹ́, fláàṣì á wá gba orúkọ sda mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ewu ńlá nìyẹn.

Ṣé mo lè fi partman/early_command (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ kí pípín dísíkì tó bẹ̀rẹ̀) yọ fláàṣì kúrò nínú ohun tí wọ́n lè yàn, kí iṣẹ́ náà sì dúró bí àyè dísíkì kò bá tó 20 GB? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó jọ̀ọ́ fi èyí tó kọ hàn mí. Ọjọ́ Ẹtì la tún máa ṣe é.